Mo Sọ Pé Mo Mọ̀wé Kà, Ọmọ Mi Sì Pàdánù Ọdún Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé, tí ẹ bá ń wá ẹkún nínú ìtàn yìí, ẹ ò ní rí i. Èmi fúnra mi ti wá a, n kò rí i. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, bí mo ṣe ṣe é gan-an, kí ẹnìkan níbì kan má baà ṣe irú rẹ̀.

Agbérù ni mí. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń gbé páálí táìlì ní ilé ẹrù kan náà. Ìwé kẹta ni mo kà dé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀. Ìyàwó mi kú nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi àti ọmọ náà ló kù nínú yàrá méjì, pẹ̀lú tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí a fi àfọ́kù táìlì tì.

Ọmọ náà jọ ìyá mi, nítorí náà Màámi ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Bàámi. Ẹni tó bá gbọ́ wa láti ìta á rò pé arúgbó méjì ló ń gbébẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ pé n kò mọ̀wé kà. Tí wọ́n bá na ìwé sí mi, màá wò ó, màá mi orí, màá sì ní, "Mo ti rí i." Nígbà tí mo kàn ń gbé ẹrù, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa sọ mí di olórí àwọn agbérù. Olórí ló ń ka ìwé ẹrù. Òun ló ń sọ fún àwọn yòókù pé táìlì báyìí, páálí iye báyìí, sínú ọkọ̀ báyìí.

Mo sọ fún Màámi. Mo rò pé á bá mi káàánú. Ẹ̀rín ló rín.

"Bàámi, èyí ò le rárá. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì."

Ó mú ìwé kékeré kan, ó kọ orúkọ gbogbo táìlì tó wà nílé ẹrù wa sínú rẹ̀, ó sì ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dà bí pákó, ó ya igi sí i. Èyí tó ní àwọ̀ òkun, ó ya ẹja. Èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwẹ̀, ó ya ọkùnrin kan tó yọ̀ ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè.

"Ta nìyí?" ni mo bi í.

"Ọ̀gá yín ni."

Màá fi orúkọ tó wà lára páálí wé èyí tó wà nínú ìwé mi, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan, àwòrán á sì sọ ìyókù fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń mú ìwé ẹrù ọjọ́ kejì wálé, á kà á fún mi lórí tábìlì yẹn, èmi á há a sórí.

Òun náà ló kọ́ mi bí mo ṣe ń fọwọ́ síwèé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà yẹn. Ó fa ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ mi wá sísàlẹ̀, ó ká a bí ìwọ̀ ìpẹja, ó sì tọ́ àmì kékeré méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Báyìí ni àwọn ènìyàn ńlá ń ṣe é, Bàámi."

"Kí ni àmì méjì yìí wà fún?"

"Èmi àti ẹ̀yin ni."

Nígbà tó ku ọdún kan kó jáde girama, olùkọ́ kẹ́mísírì wọn, obìnrin kan tó ń yára sọ̀rọ̀, yàn án mọ́ àwọn tó máa ṣe ìdánwò gíga. Mo ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

"Ẹ̀kọ́ ọdún kìíní yunifásítì ni wọ́n ń kọ́ wa, Bàámi, nígbà tí a ṣì wà ní girama. Márùn-ún ni máàkì tó ga jù. Tí n bá gba mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú iṣẹ́ kan, yunifásítì á kà á fún mi bíi pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ṣe é. Kírẹ́dítì ni wọ́n ń pè é. Tí kírẹ́dítì mi bá pọ̀ tó, ọdún kejì ni wọ́n á mú mi sí tààrà."

"Wàá wá fo odidi ọdún kan?"

"Bí ẹni fo gọ́tà."

Iṣẹ́ mẹ́rin ló ṣe. Ó gba márùn-ún nínú kẹ́mísírì, márùn-ún nínú bàólójì, mẹ́rin nínú ìṣirò. Fìsíìsì ni kò dára, mẹ́ta ló gbà níbẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kà. Ó kọ̀wé sí àjọ ìdánwò pé kí wọ́n fi èsì òun ránṣẹ́ tààrà sí yunifásítì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí lẹ́tà.

Akólẹ́tà dé ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ ìsinmi mi. Màámi ti lọ kọ́ àwọn ọmọ kékeré kan ní ìṣirò ní òpópónà kejì.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ síbí."

Mo fọwọ́ sí i. Mo fa ìrù náà, mo ká a, mo tọ́ àmì méjì sí i. Akólẹ́tà wò ó, ó ní, "Hẹn-ẹn, ọwọ́ ọ̀gá nìyí!" Inú mi dùn.

Mo rí òǹtẹ̀ yunifásítì lára àpò ìwé náà. Ó yẹ kí n gbé e sórí tábìlì kí n dúró de ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n láti ọdún yìí wá, ọmọ yìí ló ń sọ ohun tó wà nínú ìwé fún mi. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí èrò ibi kankan nínú ọkàn mi nígbà yẹn.

Mo mú un lọ sílé ẹrù, sọ́dọ̀ akọ̀wé wa tí a ń pè ní Gíláàsì. Mo sọ fún un pé ojú ń dùn mí.

"Ojú ń dùn yín, èmi tí mo wọ gíláàsì bí ìdí ìgò lẹ wá ní kí n kàwé!" Ó ya àpò náà. "Ó dáa, ẹ fara balẹ̀."

Ó ka ojú ewé kìíní ketekete. Wọ́n kí ọmọ mi kú oríire. Wọ́n ti gba kírẹ́dítì rẹ̀ nínú iṣẹ́ mẹ́ta. Ọdún kejì ni yóò wọ̀. Kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó wà nínú àpò náà, kó sì dá a padà láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún sí ọjọ́ tí lẹ́tà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Tí wọn kò bá rí fọ́ọ̀mù náà, ọdún kìíní ni wọ́n á fi í sí, ní ọgbà kékeré tó wà nílùú wa. Tó bá sì ti forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì ọdún kìíní, kírẹ́dítì náà ti wọlẹ̀ nìyẹn, wọn kò ní kà á fún un mọ́.

"Ọgbà ńlá ló ń lọ," ni Gíláàsì wí. "Ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án nìyẹn o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àpótí."

Ọkọ̀ ẹrù kan fọn fèrè lẹ́nu géètì. Gíláàsì ká lẹ́tà náà.

"Ojú ewé kejì ṣì wà, ṣùgbọ́n àlàyé wẹ́wẹ́ ni. Gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì ni mo kà yẹn. Bàbá Dókítà, ẹ kú oríire!"

Mo rìn wálé. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà wa, mo ti rí ilé náà láìsí i nínú rẹ̀. Mo rí tábìlì. Mo rí ìwé ẹrù lórí rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó máa kà á. Mo rí ọ̀gá mi tó ń bi mí pé, "Kí ló kọ síbí?" níwájú gbogbo àwọn agbérù. Mo sì rí àga kejì. Àga yẹn gan-an ni, kì í ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ ni mo fi tan ara mi jẹ.

Ọdún kan péré, ni mo sọ lọ́kàn. Ọdún kìíní wà nílùú wa níbí. Kí ni ọdún kan lára ọmọ ọdún méjìdínlógún?

Màámi ti dé. Ó ń fọ abọ́.

"Bàámi, ẹ kú àbọ̀. Ṣé akólẹ́tà wá?"

Lẹ́tà náà wà lábẹ́ ẹ̀wù mi, ó ń gún mi níkùn.

"Kò wá," ni mo wí.

Mo ní tó bá di ọjọ́ kejì, màá fún un. Mo tì í bọ inú bàtà iṣẹ́ mi àtijọ́ kan, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo sọ fún un pé mò ń pàdé akólẹ́tà lọ́nà ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún bi mí, mo tún ní kò wá. Èyí rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, kí ó tó béèrè ni mo ti ń sọ ọ́. Mo máa ń wọlé, màá bọ́ bàtà, màá ní, "Kò wá lónìí náà," bí ẹni sọ pé òjò kò rọ̀.

Gíláàsì bi mí níbi iṣẹ́. "Bàbá Dókítà, ọmọ ti dá fọ́ọ̀mù padà?"

"Ó ti dá a padà."

"Ẹ ṣeun. Tó bá di dókítà, ojú mi ni kó kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbàgbé o."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, páálí kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó já lé mi lẹ́sẹ̀. Àwọn agbérù yòókù ló kígbe. Èmi dúró, mo ń wò ó. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń rin bàtà mi, mo sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ni, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń wò.

Màámi ló wẹ egbò náà. Bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ó ní, "Bàámi, mo rò pé mo mọ ìdí tí wọn ò fi kọ̀wé. Fìsíìsì yẹn ni. Wọ́n rí mẹ́ta yẹn, wọ́n ní, 'Ta nìyí?'"

"Bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ni ì bá tún jẹ́? Èmi ni mo ba ara mi jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò yẹn, ó yẹ kí n máa ka fìsíìsì, mo wá ń ya táìlì tuntun sínú ìwé yín."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti mú ìwé fìsíìsì rẹ̀ jáde, ó tún ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, fún ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣe fún un mọ́. Mo máa ń jókòó sí àga kejì, màá máa wò ó. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ó wà nílé.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, olùkọ́ kẹ́mísírì wá bá mi lẹ́nu géètì ilé ẹrù.

"Bàbá, àwọn méjì tó ṣe ìdánwò pẹ̀lú rẹ̀ ti gba lẹ́tà tiwọn. Máàkì wọn ò tó tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ béèrè. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó ní wọ́n á sọ fún òun lójú pé òun ò yege."

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀ sí i, Tíṣà."

"Bàbá, wọn kì í fi sùúrù dá fọ́ọ̀mù padà o!"

Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun," mo sì padà sídìí páálí mi. Mo sọ fún Màámi pé Tíṣà ní kí a ṣì máa retí. Ọmọ yìí kì í yẹ ọ̀rọ̀ mi wò. Ó gbà.

Nígbà tó pé ogún ọjọ́ géérégé, mo mú lẹ́tà náà jáde nínú bàtà. Ọ̀sán ni. Mo mú un dé ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ó ti sùn lọ, orí rẹ̀ wà lórí ìwé fìsíìsì, lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tí mo bá jí i, mo ní láti sọ ibi tí lẹ́tà ti wà fún ogún ọjọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀. N kò rí ọ̀kan. Mo dá lẹ́tà náà padà sínú bàtà.

Ọjọ́ kọkànlélógún kọjá. Lọ́jọ́ kejìlélógún mo jí, mo wẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Kò sí nǹkan kan tó yí padà. Mo rò pé ó ti tán.

Olùkọ́ kẹ́mísírì ni kò jẹ́ kó tán. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kìíní, ó wá sílé wa fúnra rẹ̀.

"Fọ́ọ̀mù ẹ̀bẹ̀ wà," ó ní. "Mo ti béèrè. Òbí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọmọ lọ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ní ọgbà kékeré, kó fọwọ́ sí i níwájú wọn. Ọ̀la ni kí ẹ lọ, Bàbá. Ọ̀la!"

Màámi wò mí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "A ó lọ."

Obìnrin kan ló wà nínú ọ́fíìsì náà, ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Fáànù kan ń yí lókè, ó ń dún kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́.

"Ẹ kú ìjókòó, mà," ni Màámi wí.

"Ẹ káàbọ̀. Bàbá, ẹ jókòó. Kí la lè bá yín ṣe?"

"Lẹ́tà kírẹ́dítì mi ni kò dé, mà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá fìsíìsì ló fà á. Mẹ́ta ni mo gbà."

"Ìwọ̀nba mẹ́rin sókè la máa ń kà. Ẹni tó gba mẹ́ta nínú iṣẹ́ kan kàn máa tún un ṣe ni. Kì í dí lẹ́tà lọ́wọ́." Ó na fọ́ọ̀mù kan sí mi. "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ síbí, kí n lè ṣí fáìlì rẹ̀."

Mo fọwọ́ sí i. Mo ṣe é dáadáa, ìrù, ìwọ̀, àmì méjì.

Obìnrin náà lọ mú fáìlì wá. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó dúró.

"Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí dé ilé yín o." Ó yọ ìwé pélébé kan jáde. "Èyí tí akólẹ́tà mú padà nìyí. Ẹnìkan gbà á, ó sì fọwọ́ sí i."

Ó gbé e sórí tábìlì, sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Mo wo tábìlì náà. Ìwọ̀ méjì. Àmì mẹ́rin.

Màámi tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka kan tọ ìrù lẹ́tà náà lọ, láti òkè títí dé ibi tó ti ká. Ìka náà dúró lórí àmì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ kejì bò ó.

Fáànù ń dún.

Obìnrin yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ìwé méjèèjì, ó wo ojú mi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ẹ mọ̀wé kà?"

Mo gbé ojú sí fọ́ọ̀mù náà.

"Kì í ṣe ẹ̀gàn rárá. Ìdí tí mo fi béèrè ni pé, tó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé kà ló gba lẹ́tà, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mọ́kànlélógún náà. Ìyẹn ni pé òní ni. Ìlà kan péré ni màá kọ síbí, ọmọ yín á sì wọ ọdún kejì."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ rí i bí ọ̀nà náà ṣe ṣí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Òótọ́ sì ni pẹ̀lú. Kí n kàn ní, "Rárá."

Mo gbọ́ ohùn mi.

"Mo mọ̀wé kà," ni mo wí.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ ọ́. Kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́.

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Mo mọ̀wé kà dáadáa. Olórí àwọn agbérù ni mí."

Obìnrin náà yíjú sí Màámi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Màámi ń wo ẹnu mi. Ó wò ó bí ẹni tó ń dúró de ọ̀rọ̀ tó kù. Ó lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó lè ní, "Irọ́ ni, mà, èmi ni mo ń ka ìwé fún un láti kékeré." Odidi ọdún kan ayé rẹ̀ wà lórí ìlà kan yẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju èmi lọ.

"Bí bàbá mi ṣe wí ni, mà," ni ó sọ.

Kò fẹ́ kí ojú tì mí níwájú àlejò.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó pa fáìlì dé. "Á jẹ́ pé ọdún kìíní nìyẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Nínú bọ́ọ̀sì, a jókòó pọ̀, èmi ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. A ti ń sún mọ́ ibi tí a ó ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Níbo ló wà?"

"Inú bàtà iṣẹ́ àtijọ́. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí n kò retí.

"Ta ló kà á fún yín?"

"Gíláàsì ni."

Ó mi orí. Ó dà bíi pé èyí ló dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀, pé mo lọ bá ẹlòmíràn kàwé.

Nígbà tí a délé, ó mú bàtà náà jáde, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó ka lẹ́tà náà, ojú ewé méjèèjì. N kò dúró wò ó. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo ń gbá ibi tí mo ti gbá ní àárọ̀. Nígbà tí mo wọlé, lẹ́tà ti padà sínú bàtà, bàtà ti padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò bú mi. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo ń retí kí ọkàn mi já, kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú mi. Ebi ló ń pa mí. Mo jẹun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì ọdún kìíní. Odidi ọdún ló fi jókòó sí kíláàsì kẹ́mísírì tí ó ti gba márùn-ún nínú rẹ̀. Ó ń gbé nílé bí mo ṣe fẹ́. Ó ń kí mi ní àárọ̀, ó ń kí mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń ka ìwé ẹrù fún mi lórí tábìlì wa, kò fo ọjọ́ kan. Nígbà tí táìlì tuntun bá dé, ó máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kékeré mi.

Ṣùgbọ́n kò ya àwòrán sí i mọ́. Orúkọ lásán ni.

Oṣù kejì lẹ́yìn èyí ni mo gbé táìlì ilé ìwẹ̀ tuntun kan, tí kò ní àwòrán nínú ìwé mi, fún ẹni tó ra táìlì pálọ̀, páálí ogójì. Ọ̀gá pè mí. "Kí ló kọ síbí?" Àwọn agbérù dúró. Gíláàsì náà wà níbẹ̀.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n kà, sà. Mi ò mọ̀wé kà rí."

Ẹ wò ó bó ṣe rọrùn tó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí n máa gbé ẹrù bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì fi ẹlòmíràn ṣe olórí. Gíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní Bàbá Dókítà mọ́.

Mo sọ fún Màámi ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́ wàyí," ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ.

Mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà ní ilé ìkàwé. A jẹ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀, ìyá kan tó ti ní ọmọ-ọmọ ló ń fìyà jẹ wá nínú gbogbo ìdánwò. Mo lọ níbẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀. Kí ó tó di pé mo lè ka gbólóhùn kan tán, Màámi ti lọ sí ọgbà ńlá. Mo bá a gbé àpótí dé ibùdókọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní, "Kí Ọlọ́run mú ọ dé ire, Màámi." Kò sí lẹ́tà kankan tó ń bọ̀ láti yunifásítì sílé wa mọ́. Ó ti yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ ìsinmi mi, mo fa bàtà àtijọ́ yẹn jáde. Mo gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, mo jókòó sí àga mi.

Ojú ewé kìíní gbà mí ní gbogbo àárọ̀. Gíláàsì kà á dáadáa, kò fo nǹkan kan.

Mo ṣí ojú ewé kejì, èyí tí wọn kò kà fún mi. Òótọ́ ni pé àlàyé wẹ́wẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kà, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan, kó lè dá mi lójú.

Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbé pẹ̀lú òbí kan ṣoṣo tó nílò rẹ̀ nílé lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, kí ó ṣe ọdún kejì rẹ̀ ní ọgbà tó wà nílùú rẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ìwé ti ṣófo, Màámi ti ya àwòrán kékeré kan. Tábìlì kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, pẹ̀lú àga méjì.

Ọjọ́ tí a ti ọ́fíìsì dé ló yà á, nígbà tí mo wà lẹ́yìnkùlé. Ó mọ̀ pé n kò lè ka gbólóhùn náà. Ó yà á kí n lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá ṣí i. Odidi ọdún tí a fi jọ gbélé, ó wà nínú bàtà yẹn, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. N kò ṣí i.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gba lẹ́tà ọmọ yín lọ́wọ́ akólẹ́tà, ẹ fún ọmọ náà. Tí ẹ kò bá sì mọ̀wé kà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà kan sí i, ojú ewé kan, ọwọ́ èmi fúnra mi. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fa ìrù, mo ká a. Mo tọ́ àmì kan. Mo gbé bírò dúró lórí ibi tí èkejì máa ń wà, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún un.